Èémí Tí Wọ́n Rán Sínú Ẹsẹ̀ Mi

Bread Cove,
Newfoundland,
Oṣù Keje.

Rhonda ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Gerald ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé nínú ilé gíga yẹn ní Toronto tí ẹ kì í mọ orúkọ ara yín. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run tí ń ṣọ́ àwa nínú kùrukùru orí òkun, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí o ń wọ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé kò yé mi títí di òní bí ẹni tí kò tíì kú ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ìyá rẹ kí ọ. Ó jókòó tì mí nídìí sítóòfù, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀, ó sì ti sọ fún mi pé bí mo bá kọ ohunkóhun tí kò dáa nípa òun, òun á fa ìwé náà ya.

Nílé níbí, a dúpẹ́. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí ń wọ́ wá sí etíkun pẹ́ kí wọ́n tó dé lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n wọ́n dé. Ìgalà ńlá kan wọ inú ọgbà ìyá rẹ, ó jẹ kábéèjì rẹ̀ tán, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ń retí tíì. Ọkọ̀ ojú omi ìjọba tún bàjẹ́. Selby aládùúgbò wa ra fóònù tuntun, èyí tó máa ń dá ènìyàn lóhùn tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè. Ó bi í bóyá ẹja máa wà lọ́la, fóònù ní òun ò mọ̀, Selby ní òun ti fura tẹ́lẹ̀ pé ará Toronto ni.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí wa. O pè, ìyá rẹ ń sunkún, èmi ń sọ pé kò sí nǹkan kan, o wá ní kí n jókòó kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n má fi ohunkóhun pamọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ fóònù ṣe rí níbí. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé Selby nìkan ni ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀, bí mo bá sì ti gun ibẹ̀ báyìí, Selby á ṣí fèrèsé, á bu tíì, á jókòó. Ohun tí mo rí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pariwo lórí àpáta.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ òsì mi ni. Láti ìgbà òtútù ni mi ò ti lè rìn láti ilé dé èbúté kí n má dúró. Bí mo bá rìn díẹ̀, ẹran ẹsẹ̀ mi á dì bí okùn tó rẹ sínú omi, màá dúró, màá gbé ojú sókè bí ẹni tí ń wo ojú ọjọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀. Gbogbo abúlé wá rò pé mo ti di onímọ̀ ojú ọjọ́, wọ́n ń yà lọ́dọ̀ mi wá bi mí bóyá atẹ́gùn máa yí. Nígbà tó yá, ìka ẹsẹ̀ mi tó kéré jù dúdú, kò sì dùn mí rárá, àìdùn yẹn ló dẹ́rù ba ìyá rẹ. Nọ́ọ̀sì tí ń bá ọkọ̀ ojú omi wá wò ó, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, ó ní àtọ̀gbẹ tó ń bá mi jà ló dí ọ̀nà rẹ̀, kí n tètè máa lọ sí ọsibítù ńlá ní St. John's, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà láti orúnkún.

Ibẹ̀ la ti pàdé Dókítà Mahbub. Obìnrin ni, ara rẹ̀ kéré, ó sì máa ń yára rìn. Bangladesh ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ń bú ọkọ̀ ojú omi ìjọba bí àwa náà ṣe ń bú u. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, Bàbá Durnford, mo fẹ́ wo ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ẹsẹ̀ yín kí n lè mọ ibi tó ti dí. Mo ní kí ló wá dúró dè, ṣebí ẹ̀rọ tí wọ́n fi wo egungun Selby nígbà tó ṣubú wà níbẹ̀. Ó ní egungun ni ẹ̀rọ yẹn mọ̀ ọ́n rí, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kì í hàn sí i, àfi bí àwọn bá rán nǹkan wọ inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ lè rí. Ó ní nǹkan méjì ló wà nílẹ̀ tí òun lè rán. Ọ̀kan jẹ́ omi, àwọn ń pè é ní aró. Èkejì jẹ́ gáàsì.

Ó wá fi àwòrán méjì hàn mí, ẹsẹ̀ ọkùnrin méjì kan tí kò dárúkọ wọn. Rhonda, èyí tí wọ́n fi aró yà hàn kedere, o lè ka gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ bí igi tí ewé rẹ̀ ti wọ́ dànù. Èyí tí wọ́n fi gáàsì yà rí bàìbàì, bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sára fèrèsé. Mo sọ fún un pé kò sí ohun tí à ń rò níbẹ̀, kí ó fún mi ní aró, kí ó fún mi ní ojúlówó, nítorí mo ti ń san owó orí láti ìgbà tí mi ò tíì ní irùngbọ̀n. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ó ní aró ló ń fi ọ̀nà hàn jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíndìnrín ló máa sẹ́ ẹ jáde kúrò nínú ara, kíndìnrín tèmi sì ti rẹ̀ gan-an. Bí òun bá da aró tó pọ̀ sí mi lára, ó lè dákẹ́ pátápátá. Mo ní bí ó bá dákẹ́ ńkọ́. Ó ní ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ló kù nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, títí lọ, mi ò sì ní lè gbé Bread Cove mọ́, nítorí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí wa.

Mo bi í bóyá wọ́n lè gbé ẹ̀rọ náà wá sínú ahéré tí mo ti ń tọ́jú ẹja létí omi. Mo ní iná wà níbẹ̀, òrùlé kò jò, mo sì lè kó àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ẹ̀rọ náà nílò omi tó mọ́. Mo ní omi Bread Cove ló mọ́ jù ní gbogbo Canada, kí ó wá mu ún wò. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ìyá rẹ bú sẹ́kún, ó ní ó ti tán nìyẹn, Rhonda ti tún yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Toronto ṣe dè wá, ó ti kun ún, ó ti gbé bẹ́ẹ̀dì sí i, ó jọ pé Ọlọ́run fẹ́ ká lọ sùn nínú rẹ̀. Èmi ò sunkún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Kì í ṣe ẹ̀rù ẹsẹ̀. Ẹ̀rù pé màá máa jókòó nídìí fèrèsé kan lókè téńté, tí mi ò ní rí omi, tí gbogbo àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀ ò ní mọ irú ọkọ̀ tí mo ń wà nígbà tí mo lágbára.

Dókítà ní ká lo gáàsì nígbà náà, ó ní gáàsì kì í yọ kíndìnrín lẹ́nu rárá. Ni mo bá kọ̀ jálẹ̀. Ìwọ náà dàgbà sínú ọkọ̀ ẹja, o mọ ohun tí atẹ́gùn ń ṣe nínú páìpù dísẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá ti wọ ibẹ̀ báyìí, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́, á kú, ìgbì á máa gbé ọ lọ sára àpáta, ìwọ á máa fi sípánà tú nọ́ọ̀tù kí atẹ́gùn lè jáde kí o tó dé ọ̀run. Mo sọ gbogbo èyí fún dókítà, mo wá bi í pé ta ni yóò tú nọ́ọ̀tù tèmi.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni mo sọ o, atẹ́gùn lásán lè pa ènìyàn bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn fi máa ń lé e kúrò nínú rọ́bà pátá kí àwọn tó so rọ́bà mọ́ni lára. Ó ní gáàsì tòun náà ní ààlà tirẹ̀, àwọn kì í rán an lọ sí ọ̀nà àyà tàbí orí láé, ìsàlẹ̀ nìkan ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe atẹ́gùn lásán, ó ní ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe irú rẹ̀, òun la máa ń mí síta. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, yíyọ́ ló máa yọ́, ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀fóró, màá sì mí i jáde ní imú mi. Mo ní à-á, èémí ẹlẹ́mìí ni ẹ wá fẹ́ fi sí mi lára. Mo bi í bóyá ọmọ ìjọ Áńgílíkà bíi tiwa ni ẹni tí wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀. Philomena nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà tó sì ń pe gbogbo aláìsàn ní ìfẹ́ mi, já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi, ó ní, ìfẹ́ mi, èmi ni mo mí i sínú ìgò náà láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe gba Ara Olúwa tán ni. Ìyá rẹ ní kí n gbà á bẹ́ẹ̀ kí n sì dákẹ́. Ìgbà tó pẹ́ ni wọ́n tó sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣe é.

Síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá ẹni tó mọ ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀, mo pe Selby. Ó ní, Hedley, má dán an wò. Ó ní ẹ́ńjìnnì òun tó ti gbó, tó ń ru èéfín bí ilé tó ń jó, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fi gáàsì sí páìpù rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ òun. Ó tún ní bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé mi ò padà dé, ṣé òun lè mú àwọ̀n mi tuntun. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Philomena ló rí ojú mi. Ó lọ ra ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan wá, ó ṣí i níwájú mi, ó ṣe ṣìì, ó ní, gáàsì ọ̀hún nìyẹn, ìfẹ́ mi, èyí tó ń hó yẹn. Mo gbé e sójú fèrèsé, mo jókòó tì í bí ẹni tí ń ṣọ́ ìwọ̀. Ó ń hó, ó ń hó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù, nígbà tó yá kò hó mọ́. Mo fẹ́ tọ́ ọ wò, ìyá rẹ já a gbà nítorí ṣúgà, ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀, ó ní omi dídùn lásán ló kù. Mo yẹ inú ìgò wò, mo yẹ ìdí rẹ̀ wò. Gáàsì ti lọ, kò fọ́ ìgò, kò dí ọrùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó tú nọ́ọ̀tù fún un. Mo sọ fún Philomena pé àlejò tó bá mọ ìgbà tó yẹ kó dìde lọ sílé, irú wọn lè wọ ẹsẹ̀ mi. Mo fọwọ́ sí ìwé wọn. Ìwé náà to oríṣiríṣi ọ̀nà tí mo lè gbà kú, ó tò ó dáadáa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, nítorí kò sẹ́ni tó ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ ń wọ ọkọ̀ lọ sójú òkun.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n gbé mi lọ sí yàrá àwòrán. Ó tutù nínú rẹ̀ bí ilé yìnyín, ẹ̀rọ ńlá kan tó tẹ̀ kọdọrọ wà lókè bẹ́ẹ̀dì, gíláàsì àwòrán bíi ti tẹlifíṣọ̀n sì wà níbi tí mo ti lè rí i. Dókítà ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi sókè díẹ̀ ju orí mi lọ, ó ní gáàsì máa ń léfòó, òkè ló máa ń wá. Mo ń ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀wù kan wọ̀, ẹ̀wù tó nípọn, tó gùn dé orúnkún, tí Philomena ń mí hẹlẹ kó tó gbé e kọ́ ọrùn. Mo bi í pé kí ni wọ́n fi ṣe é. Ó ní òjé ni.

Rhonda, àwa tí a ti ń so òjé mọ́ àwọ̀n láti kékeré, ta ló tún fẹ́ ṣàlàyé òjé fún wa? Ohun tí ò bá jẹ́ kí nǹkan léfòó ni òjé. Mo bá ro ó pọ̀: gáàsì ń lọ sókè, ẹsẹ̀ mi ti wà lókè, gbogbo ènìyàn inú yàrá ti so òjé mọ́ra wọn kí wọ́n má bàa gbéra, èmi tí wọ́n fẹ́ fi gáàsì kún ni wọn ò so nǹkan kan mọ́. Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú lọ́tùn-ún lósì. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún dókítà pé mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí òjé díẹ̀ bá ṣẹ́kù, kí wọ́n bá mi so ó mọ́ ìdí. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Nígbà tó yé wọn, dókítà ní rárá o, ìtànṣán ẹ̀rọ ni òjé ń dá dúró, nítorí ojoojúmọ́ ni àwọn ń wà nídìí rẹ̀, èmi tí mo wá lẹ́ẹ̀kan, ẹsẹ̀ mi nìkan sì ni ẹ̀rọ fẹ́ rí, kò sí wàhálà. Mo ní ó dáa, mo ti gbọ́. Mi ò fi irin sílẹ̀ ṣá.

Wọ́n pa ojú ibi kan kú lókè itan mi, wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín kan wọlé níbẹ̀, mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Dókítà ní kí n di èémí mú, kí n má mira. Mo kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n pé bí gùfẹ̀ bá jáde lẹ́nu mi kí wọ́n má bínú. Gùfẹ̀ kankan ò jáde. Ẹsẹ̀ mi kàn ń ṣe wìrìwìrì bí ìgbà tí èèrà ń rìn lórí rẹ̀, ó sì kọjá. Mo gbójú sókè wo gíláàsì, mo rí inú ara mi.

Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ fún ọ. Èémí náà ṣàn láti itan mi lọ sísàlẹ̀ nínú ọ̀nà kan tí mi ò mọ̀ pé mo ní, ó dé àárín itan, ó kọ lu ohun kan, ó dúró. Ọ̀nà tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti tán, mo rí àwọn ọ̀nà wẹ́wẹ́, wọ́n wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, wọ́n yí ibi tó dí náà ká, wọ́n sì padà sójú ọ̀nà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo bi dókítà pé ta ló la àwọn yẹn. Ó ní èmi ni. Ó ní nígbà tí ọ̀nà ńlá ń dí lọ, ara mi ń la àwọn kékeré fúnra rẹ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Rhonda, gbogbo ìgbà tí mo dúró lójú ọ̀nà èbúté tí mò ń pe ẹsẹ̀ yìí ní ọ̀lẹ, iṣẹ́ ló ń ṣe lábẹ́ awọ, kò sì rojọ́. Mo bẹ ẹsẹ̀ náà níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ sókè ketekete, kò sì sẹ́ni tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi rọ́bà kékeré kan tó ń wú bí fèrè ọmọdé ti ibi tó dí náà ṣí. Wọ́n tún rán èémí lọ, ó sì kọjá gbuurugbu láìdúró. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀kalẹ̀ kọjá orúnkún, ó fọ́ wẹ́wẹ́, ó di bàìbàì, kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀nà nìyí tàbí òjìji. Dókítà rán an lẹ́ẹ̀kan sí i, bákan náà ni. Ó wá wò mí lójú, ó ní, Bàbá Durnford, gáàsì ti ṣe ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ó ní tí òun bá lọ gé ìka yẹn báyìí, àbá lòun máa dá, òun lè gé jù, òun sì lè gé kéré. Ó ní aró díẹ̀ ni òun ń fẹ́, bíi ṣíbí tíì méjì, tí òun máa là mọ́ omi, kí òun lè rí àtẹ́lẹsẹ̀ mi dáadáa. Mo ní kíndìnrín mi ńkọ́. Ó ní díẹ̀ ni, omi sì ti ń kán sí mi lára láti àárọ̀ kí ó lè bá a fọ̀ ọ́ jáde, òun rò pé á gbé e, ṣùgbọ́n òun ò lè búra.

Àìbúra yẹn ló mú kí n gbà á gbọ́. Àwọn tó máa ń búra nípa ojú ọjọ́, àwọn ló ń ri ènìyàn sómi. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ro yàrá tí o ti kùn dè wá, mo ro èbúté, mo ro ìyá rẹ tó wà níta tó ń já ìbọ̀sẹ̀ tó hun tán kó tún lè hun ún. Mo ní kí ó fi sí i.

Kò pẹ́ sí i, ooru kan wọ inú ẹsẹ̀ mi, ó gòkè wá sí ìdí mi, ó lọ́ wọ́rọ́ wọ́rọ́. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ là. Mo rọra pe Philomena, mo ní mo ti tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìjọba. Ó gbé aṣọ sókè, ó wò ó, ó ní gbígbẹ ló wà, ìfẹ́ mi, aró ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù kan pàápàá ti sọ bẹ́ẹ̀ rí pé òun tọ̀ sára. Ó ní kí n gbójú sókè kí n wo nǹkan.

Ọmọ mi, ó hàn. Ó hàn bí ojú òkun láàárọ̀ tí kùrukùru bá ká. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ bí okùn òwú, ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, ó gba ọrùn ẹsẹ̀ kọjá, ó pín, ó tún pín, ó dé gìgísẹ̀, ó dé ìka kìíní, kejì, kẹta, kẹrin. Ìka tó kéré jù nìkan ni kò sí nǹkan kan níbẹ̀, òkùnkùn ló wà. Dókítà mí kanlẹ̀, ó ní ìka yẹn nìkan ló máa lọ, ẹsẹ̀ dúró. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo àwọn olójé yẹn. Mo ti rí òkun nígbà tó bínú, mo ti rí òkè yìnyín tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ tó ń ré kọjá lẹ́nu èbúté, mi ò rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n gé ìka náà, kò dùn mí púpọ̀. Kíndìnrín la wá ń dúró dè. Wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ wò, ìyá rẹ ń gbàdúrà, èmi ń mu omi. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ Toronto. Ní ọjọ́ kejì, mo rí Dókítà Mahbub tó ń sáré bọ̀ látòkèèrè, ẹ̀rù bà mí nítorí ìsáré náà, mo sì gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rìn. Ó ní kíndìnrín wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, kò yẹ̀. Ìyá rẹ dì mọ́ ọn débi pé fìlà rẹ̀ jábọ́.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé èwo ló wá dára jù nínú méjèèjì. Mo bi dókítà kí n lè dá ọ lóhùn. Ó ní aró ló ń ríran jù, gáàsì ló rọ kíndìnrín lọ́rùn jù, ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ òun tó sì gbójú lé ọ̀kan ṣoṣo, òun ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá òun. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

Ó kù, mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún owó díẹ̀. Bàtà ojú omi mi ti òsì ti fẹ̀ jù báyìí, mo sì fẹ́ ra tuntun. Páìpù dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ wa náà ti ń là, mi ò sì ní fẹ́ kí atẹ́gùn wọ̀ ọ́, nítorí òun ò ní dókítà. Èyí tó tóbi níbẹ̀ ni pé owó tí o ti kó jọ láti fi kó wa wá sọ́dọ̀ yín, má fi ránṣẹ́, fi wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ìwọ àti Gerald wá nínú oṣù Kẹjọ nígbà tí ìjọba bá gba gbogbo ènìyàn láàyè láti pa ẹja tí wọ́n máa jẹ nílé, kí n lè fi ẹsẹ̀ mi hàn yín. Yàrá yẹn, ẹ háyà rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Má bínú, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi kùn ún.

Mi ò lè kó wá sí Toronto mọ́, ìdí rẹ̀ sì nìyí. Mo bẹ Philomena pé mi ò fẹ́ kí wọ́n da ìka mi nù sí St. John's, níbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú ìwé wá, mo fọwọ́ sí i, wọ́n dì í sínú ike kékeré fún wa, ìyá rẹ sì gbé e wálé nínú kúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Selby wá pàdé wa lébùúté, ó ṣí ike tí kò yẹ kó ṣí, kò tíì jẹun dáadáa láti ìgbà náà. Àlùfáà ka àdúrà kúkúrú, ó ní òun ò mọ èyí tó yẹ ní kíkà fún ìka, ó ka ti àwọn arìnrìn-àjò. Ẹ̀gbẹ́ bàbá mi àti ìyá mi la sin ín sí. Ìyá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ gbọọrọ, ó kọjú rẹ̀ sí omi, nítorí àwọn àgbà wa ní bí ẹ̀yà ara tí wọ́n gé bá sùn ní wíwọ́, ẹni tó ni ín kò ní sinmi. Mo sì ń sinmi, Rhonda. Nítorí náà, má wulẹ̀ sọ fún mi mọ́ pé kí n kó wá. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin mí síbí.

Kí Ọlọ́run la ọ̀nà fún ọ níbi tí ọ̀nà bá ti dí, kódà kí o tó mọ̀ pé ó dí. Kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ wá, kí ó sì gbé ọ padà láyọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Hedley Durnford.